Ṣágo Ẹ̀yìn Àmù

Bí ẹ bá wọ oko bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kejì ọdún, imú yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé kajú ti pọ́n. Kóró nìkan ni àwọn oníṣòwò ń rà. Wọn á yí kóró kúrò lára èso, wọn á ju èso sílẹ̀, oòrùn á máa pa á, eṣinṣin á máa bò ó, títí gbogbo abẹ́ igi á fi máa rùn bí ìsàlẹ̀ igbá ẹlẹ́mu. Láti kékeré ni mo ti mọ òórùn yẹn, n kò sì kà á sí nǹkan kan. Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró síbẹ̀, tí mo fà á símú dáadáa. Mo ní, èso tó ń di ọtí fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀ báyìí, bí ẹnì kan bá ràn án lọ́wọ́ ńkọ́?

Màámi wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú agbọ̀n. Mo sọ ohun tí mò ń rò fún wọn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Àkànní, ọtí? Nínú ilé èmi ìyá rẹ?"

Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ á mọ ìdí tí ìbéèrè yẹn fi wúwo. Ìlú Onítẹ̀bọmi ni. Láti 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ti wà níbẹ̀, Màámi fúnra wọn sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kí wọ́n tó bí mi. Ọtí kì í wọ ilé wa. Bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí Màámi ń ṣe àgàdàgídí. Mo bá a láyé, mo rí i lójú ara mi: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá dídín, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ni wọ́n ń gé sínú omi nínú ìkòkò, wọ́n á bò ó, tó bá di ọjọ́ kẹta ó ti ń hó. A kì í sọ̀rọ̀ ìyẹn nílé.

"Wáìnì ni, Màámi, kì í ṣe ọtí líle. Irú èyí tí Jésù ṣe ní Kánà."

"Ta ló ń gbéyàwó níbí?"

Mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n bá mi ṣa kajú.

Kí n tó sọ ti kajú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni mo fi kọ́ṣẹ́. Zóbò ló kọ́kọ́ fìyà jẹ mí, nínú oṣù kìn-ín-ní, ní Ìbàdàn níbi tí mò ń gbé. Mo ra zóbò gbígbẹ ní ọjà Bódìjà, mo sè é, mo da ṣúgà sí i, mo jẹ́ kí ó tutù, mo wá bu yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò lé e lórí. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń hó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé iná wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, híhó náà lọ sílẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní ó ti parí nìyẹn. A ní igo wáìnì onídèérí irin tí a kó jọ lẹ́yìn òde ọdún, 14 ni wọ́n. Mo rọ ọ́ sínú wọn, mo dé wọn pinpin, mo tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, mo sì lọ ń ka iye ọjọ́ tí ó kù kí n pe àwọn èèyàn wá mu.

Òru ọjọ́ kẹsàn-án la gbọ́ "gbàù!" Ìyàwó mi fò dìde, ó ní olè ti já wọlé. Kí n tó rí tọ́ọ̀ṣì, òmíràn ti tún dún. Nígbà tí a dé ìdáná, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ti ṣí sílẹ̀, àfọ́kù igo wà lórí sítóòfù, nǹkan pupa ń kán láti ara sílìn, tó, tó, tó. Ìyàwó mi di apá mi mú.

"Dádì, ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

Igo mẹ́ta ló fọ́. Mo gbé 11 tó kù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú táwẹ̀lì tútù lórí wọn, bí ẹni gbé bọ́ǹbù, mo ṣí wọn lẹ́yìn ilé. Ọ̀kan ta dé orí ògiri aládùúgbò. Àbàwọ́n orí sílìn yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. A ti kùn ún ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń yọjú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ lẹ́yìn tí igo ti fọ́ tán. Yíìsì ń jẹ ṣúgà. Bí ó bá ti jẹ ẹ́, ohun méjì ló ń yà jáde, ọtí àti gáàsì. Níwọ̀n ìgbà tí ṣúgà bá ṣì kù, kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́, ó kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. Èmi wá dé e mọ́lẹ̀ níbi tí gáàsì kò ti rí ọ̀nà gbà. Igo ṣáńpéènì tí wọ́n dìídì ṣe kí ó nípọn, agbára tó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti inú táyà mọ́tò. Igo tèmi kì í ṣe igo ṣáńpéènì.

Zóbò yìí ló jẹ́ kí n lọ ra háídírómítà. Orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ẹyin dán omi iyọ̀ wò rí, tó rí bí ẹyin ṣe ń léfòó bí iyọ̀ bá pọ̀, ti mọ ohun tí ó ń ṣe. Ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó nídìí wúwo, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Nínú omi lásán, ó máa dúró sí 1.000. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú omi èso, ó máa léfòó sókè, ó lè kà tó 1.090. Bí yíìsì bá ṣe ń jẹ ṣúgà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá yìí á máa rì, títí á fi rì kọjá 1.000 pàápàá, nítorí pé ọtí fúyẹ́ ju omi lọ. Bí ó bá dúró sójú kan níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ti tán nìyẹn. Imú kò lè sọ ìyẹn fún èèyàn, ojú kò lè sọ ọ́. Mo gba ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ́wọ́ ọmọ mi, èyí tí wọ́n tẹ òǹkà ìsọdipúpọ̀ sí lẹ́yìn, ibẹ̀ ni mo ń kọ gbogbo nọ́ńbà sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oko.

Àárọ̀ kùtù la ṣa kajú, nítorí pé èso rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tó já láàárọ̀, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó ti rọ̀, ó ti ń kan. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já la ń mú, pupa àti èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, a ń yí kóró kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, torí epo inú èèpo kóró yẹn ń bó èèyàn lára. Aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà ti di aṣọ oko títí láé. Omi kajú kò ṣeé fọ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá jẹ kajú, tó tún mu mílíìkì, máa kú. N kò tíì pàdé ẹni tí ó pa, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé n kò mu tíì lọ́jọ́ yẹn.

Kílò 30 èso ló fún wa ní nǹkan bíi lítà 18, lẹ́yìn tí a fi ọwọ́ fún un, tí a sì fi aṣọ tí Màámi fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn, òórùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀fun, ó ti fa gbogbo ẹnu pọ̀, ó wá ń yún mi lọ́nà ọ̀fun. Bí a bá fi í ṣe wáìnì bẹ́ẹ̀, ta ló máa mu ún? Mo ti kà á pé ní Íńdíà, omi ìrẹsì tí wọ́n sè rẹ́ńdẹ́ rẹ́ńdẹ́ ni wọ́n ń dà sí i láti mú yíyún yẹn kúrò. Mo sọ fún Màámi.

"Ìrẹsì? Ní iye tí wọ́n ń ta á yìí?" Wọ́n wọlé, wọ́n mú sitáàṣì jáde, sitáàṣì pákí tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ìró wọn. "Ṣebí ohun tó máa lẹ̀ mọ́ ọn ló ń wá."

A po ṣíbí mẹ́ta, a sè é títí ó fi dà bí ẹ̀kọ mímu tó ṣàn, a jẹ́ kí ó tutù pátápátá, a dà á sí omi kajú, a rò ó. Mo bu díẹ̀ sínú ife gíláàsì kí n lè máa wò ó. Ó kọ́kọ́ dàrú bí omi àgbàrá. Nígbà tó yá, mo rí i tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní wóró-wóró, bíi wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi ewé bọmubọ́mú sí, àwọn wóró náà ń so mọ́ra wọn, wọ́n ń rọra rì sísàlẹ̀ bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Lálẹ́, ìdajì ife ti ń mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òkè ife tòrò gedegbe, ó ní àwọ̀ oyin fífẹ́lẹ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ sì jókòó sísàlẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Ọ̀fun kò yún mi mọ́. Màámi náà tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Ibi tó wà yìí ni kí ẹ jẹ́ kí ó dúró sí o, omi èso ló ṣì jẹ́ lójú Ọlọ́run."

Ibi tí ó wà yẹn gan-an ni àwọn ará Piauí ní Bràsíì, níbi tí kajú ti wá, ń dúró sí: wọ́n á yọ yíyún rẹ̀ kúrò, wọ́n á sè é nínú igo títí á fi pọ́n bíi wúrà, wọ́n ń pè é ní cajuína, ọtí kò sí nínú rẹ̀. Àwọn Pọtogí ló gbé igi náà kiri ayé, orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ni àwa náà sì gbà. Ní Goa tí wọ́n gbé e dé, wọ́n ń sè é di ọtí líle tí wọ́n ń pè ní feni. Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn tí a ti yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, lítà 16 ló kù. Háídírómítà kà á sí 1.046. Mo da ṣúgà sí i, gíráàmù 100 fún lítà kọ̀ọ̀kan, ó gòkè sí 1.079, mo bu yíìsì sí i. Lítà 11 wọ kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí mo gbé wá láti Ìbàdàn. Márùn-ún tó kù kò láyè nínú mọ́tò, torí iṣu àti elùbọ́ tí Màámi dì fún wa. Ṣágo kan wà nílé tí bàbá mi fi ń gbé epo tẹ́lẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó, mo rọ lítà márùn-ún yẹn sínú rẹ̀ dé ọrùn, mo fi bàlúùnù ọmọdé dé ẹnu rẹ̀, mo sì fi abẹ́rẹ́ gún bàlúùnù náà lójú kan kí gáàsì lè máa jáde. Ibi tó tutù jù nínú ilé ni mo wá gbé e sí, ẹ̀yìn àmù, níbi tí yanrìn ìdí rẹ̀ ti ń rin gbindin nígbà gbogbo.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣí i."

"Kí ni mo fẹ́ fi ọtí ṣe tí màá fi fọwọ́ kàn án?"

Ti Ìbàdàn ni mo gbé sọ́kàn. Oṣù kẹta ni, ilé gbóná bí ààrò, tẹmómítà kà tó 34. Yíìsì tí ooru bá pọ̀ jù fún á máa sáré, ọtí rẹ̀ á sì máa ta ní ọ̀fun. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú agbada omi, mo fi táwẹ̀lì wé e, mo jẹ́ kí etí táwẹ̀lì wà nínú omi kí ó lè máa fà á sókè. Ọgbọ́n àmù kan náà ni, ó sì ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejìlá, ó ti sọ̀kalẹ̀ dé 1.002. Mo fi rọ́bà fa á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì mìíràn. Ẹ wo bí ó ṣe mọ́! Inú mi dùn débi pé n kò lè pa á mọ́ra.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe é. Kò sí àlejò tó wọ ilé wa nínú oṣù yẹn tí n kò ṣí kẹ́ẹ̀gì fún kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó bọ́ bàtà, mo ti ṣí i. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ọ̀rẹ́ mi wá wo bọ́ọ̀lù, a bu lítà mẹ́ta, èyí tó kù wá wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí kò kún dé ìdajì, afẹ́fẹ́ ló gba òkè. Kantíkantí ti gbọ́. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn kékeré tó ń yí orí ẹmu ká. Nínú Bíbélì, ibi tí Jésù ti ń bá àwọn Farisí wí pé wọ́n ń sẹ́ kantíkantí, wọ́n sì ń gbé ràkúnmí mì, ọdọọdún ni mo ń gbọ́ ọ lórí pẹpẹ, n kò bi ara mi rí pé inú kí ni wọ́n ti ń sẹ́ ẹ. Inú wáìnì ni.

Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì ṣì ń hó, gáàsì tó ń jáde bo ojú ọtí bí aṣọ ìbora, nǹkan kan kò lè wọlé. Bí híhó bá ti parí, kò sí ìbora mọ́. Kòkòrò tí ojú kò rí, tí ń sọ ọtí di ọtí kíkan, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́. Kantíkantí ń gbé e wá lẹ́sẹ̀, èmi ń ṣílẹ̀kùn fún un ní àràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìparí oṣù kẹrin, awọ funfun kan ti bo ojú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, bí ẹ bá tẹ̀ sórí kẹ́ẹ̀gì náà, ojú yín á ṣomi. Lítà mẹ́jọ. Ìyàwó mi ti ń fi fọ ẹ̀fọ́ tí ó fi ń ṣe sàláàdì, ó ní ó dára ju èyí tí wọ́n ń tà lọ. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ fi tù mí nínú ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Ti máńgòrò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo se é, nítorí mo rò pé sísè ló máa pa ìdọ̀tí inú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé bí wọ́n bá se máńgòrò, ohun tó ń mú jáàmù dì nínú èso á tú jáde, ọtí rẹ̀ kò sì ní tòrò bọ̀rọ̀. Ó dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀wà. Ìyẹn ì bá ṣeé fojú fò. Ṣùgbọ́n bùlẹ́ńdà tí mo fi lọ̀ ọ́ ni èyí tí a fi ń lọ ata. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta o. Rọ́bà abẹ́ abẹ rẹ̀ ni kò jọ̀wọ́ ata tó fi pa mọ́. Ẹ ò tíì mọ ohun tí ìjákulẹ̀ ń jẹ́ àyàfi tí ẹ bá mu wáìnì máńgòrò tó dùn lẹ́nu, tí ata rodo wá gbá yín mú lọ́fun lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e mì. Àná mi ọkùnrin kan mu ife méjì, ó ní ó dára fún òtútù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo da omi híhó sínú kẹ́ẹ̀gì oníke kí n lè fi fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó lọ́, ó rún wọnú ara rẹ̀, ó dà bí arúgbó tí wọ́n yọ eyín rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo lọ sí ọjà kẹ́míkà ní Ọjọ́ta, mo ra lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n ń pè ní sodium metabisulphite, òun ni mo fi ń pa kòkòrò dípò omi híhó. Ìdámẹ́rin ṣíbí kékeré kan péré tó fún nǹkan bíi lítà 20 wáìnì. Òórùn rẹ̀ dà bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, kò sì yẹ kí ẹni tó ní ikọ́ fée sún mọ́ ọn.

Nígbà tí oṣù kẹjọ wọlé, ojú ọjọ́ ti tutù, mo sì ti ní sùúrù díẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó 12 ni mo rà ní ọjà Ṣáṣá. N kò sè é, n kò fi bùlẹ́ńdà kàn án. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo fi ọwọ́ fún un, mo da ṣúgà àti yíìsì sí i. 1.088 ló kà lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, 0.996, ìyẹn ni pé ọtí inú rẹ̀ tó nǹkan bí 12 nínú 100. Mo rọ ọ́ sínú àwọn ìkòkò gíláàsì tó kún dé ẹnu, mo dé e, mo gbé e sábẹ́ ibùsùn, mo sì bẹ ìyàwó mi pé bí ó bá rí mi níbẹ̀, kí ó lé mi.

Òun ló kọ́kọ́ dá mi dúró nígbà tí mo fẹ́ rọ ọ́ sínú ife. "Dádì, kí n bi yín o. Ṣé kì í ṣe irú èyí ló pa àwọn èèyàn ní Ìrèlè?"

Ìbéèrè gidi ni. Ní 2015, ògógóró tó ní methanol, irú ọtí olóró kan, nínú pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n kọ́kọ́ rò pé àìsàn àjèjì ni, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de títa ògógóró lọ́dún yẹn. Mo ṣàlàyé fún un. Díẹ̀ táṣẹ́rẹ́ nínú nǹkan yẹn máa ń wà nínú ọtí èso, kò tó ohun tó ń pani. Bí wọ́n bá wá ń se ọtí, tí wọ́n ń gba ooru rẹ̀, tàbí tí ẹnì kan fi kẹ́míkà lú u, ibẹ̀ ni ikú wà. Èmi kì í gbé ọtí kaná. Bẹ́ẹ̀ ni n kì í tà á; títà ní òfin tirẹ̀, ti NAFDAC. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí èmi kọ́kọ́ mu ún, ó sì wo mí fún bíi wákàtí kan kí òun tó mu.

Igo 13 ló jáde nínú rẹ̀. A gbé mẹ́jọ lọ síbi ìkómọ ọmọ àbúrò mi. Bàbá kan tó jókòó sí tábìlì àwọn àgbà gbé ife sókè, wọ́n wò ó níwájú iná, wọ́n mu ún, wọ́n pè mí. "Ọmọ, orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n ti kó èyí wá?" Mo ní, "Ṣáṣá ni, sà." Wọ́n rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Gbogbo àkókò yìí, mo ti gbàgbé ṣágo. Ìgbà ọdún Àjíǹde ni mo rí i kẹ́yìn. Kò hó mọ́ nígbà náà, 0.998 ni mo bá a, mo bọ́ bàlúùnù, mo fi kọ́ọ̀kì dé e, mo kán ìda àbẹ́là yí i ká, mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ màá wá gbé e. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù kejìlá.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésìmesì, mo lọ bu omi mu nínú àmù. Ife bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, mo rí ṣágo. Eruku ti bò ó, aláǹtakùn ti ta okùn láti ọrùn rẹ̀ dé ara ògiri. Mo fi ìka nu ojú kan lára rẹ̀, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Iná gba inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan jókòó sísàlẹ̀, ó fara mọ́ ìdí ṣágo bí ẹní.

Mo fi rọ́bà fa á jẹ́jẹ́. Kò kan. Kò ta lọ́fun. Òórùn kajú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti balẹ̀, ó ti di òórùn èso tó jìnnà, pẹ̀lú oyin díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo pa agbálùmọ̀ kan, mo jẹ ẹ́, mo tún mu ún. Èmi tí mo ra háídírómítà, tí mo lọ Ọjọ́ta, tí mo fi táwẹ̀lì wé kẹ́ẹ̀gì bí ọmọ tuntun!

Màámi dé bá mi níbẹ̀. Wọ́n wo ife, wọ́n wo èmi.

"Ẹ ò fọwọ́ kàn án lóòótọ́," mo ní.

"O ní kí n má fọwọ́ kàn án." Wọ́n na ọwọ́ gba ife, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tún mu. "Ó wà nínú Àìsáyà, orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wáìnì tó dúró lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ọtí kì í wọ ilé yín?"

"Ṣé mo gbé e wọlé ni? Ìwọ lo gbé e wọlé."

Igo mẹ́fà ló fún wa. Mo gbé mẹ́rin padà sí Ìbàdàn. Méjì tó kù, wọ́n ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún inú tó máa ń run wọ́n lóru, wọ́n sì dárúkọ Tímótì kí n tó la ẹnu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní ibi iṣẹ́ nígbà tí fóònù dún. Wọn kò kí mi tán tí wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè.

"Àkànní, kajú ti ń já o. Mo ti fọ ṣágo."